Ibi Tí Wọn Kì Í Ti Í Sọ “Ẹ”

Vida tẹ́ máàpù àwọn òkè Triglav sórí tábìlì, ó ń fi pẹ́ńsù to ìrìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ kìíní, etí adágún. Ọjọ́ kejì, àfonífojì olókùúta. Ọjọ́ kẹta, ilé ìsinmi àwọn tó ń gun òkè, tó wà lókè téńté, níbi tí igi kì í hù.

Lókè ibẹ̀, àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnì kejì ní “ẹ”. Bí adájọ́ bí darandaran, “o” ni gbogbo wọn.

“O” yẹn ni Vida fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ gbọ́, lẹ́nu ẹnì kan tó ti sọ ọ́ di “ẹ” láti ọdún tó kọjá.

Ó pe ilé ọjọ́ kẹta lórí fóònù. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló gbé e.

“Ẹ káàárọ̀. Ibùsùn mélòó lẹ fẹ́?”

“Ẹyọ kan. Ṣé yìnyín ti yọ́ lójú ọ̀nà?”

“Ó ti yọ́. Ẹ ṣáà wọ bàtà gidi.”

“Kí ló dé tí ò ń pè mí ní ‘ẹ’? Ṣebí orí òkè lo wà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìsàlẹ̀ lẹ̀yin ṣì wà, màdáámù. Ẹ gòkè ná. Orúkọ wo ni kí n kọ?”

“Vida Jerala.”

Ẹ̀rín náà kú.

“Jerala? Orúkọ tèmi nìyẹn.”

“Ìwọ náà lo fún mi. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ sùn, Tine, o ò sì dá ohùn mi mọ̀.”

Obìnrin kan ń béèrè lẹ́yìn Tine pé, “Olówó orí mi, ta nìyẹn?”

Tine rẹ ohùn sílẹ̀.

“Vida, má wá.”

Kò fi “ẹ” síwájú rẹ̀.

Ohun tí Vida fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ gbọ́ ti bá a nílé.