Ẹ́ńjìnì Tí Malachi Fi Ìtọ̀ Ṣọ́

Ahun ni Malachi. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń ṣahun sí, ìmọ̀ ni. Ilé ẹ̀rọ tó fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gaàrí wà ní Èrúwà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Lánlátẹ̀. Obìnrin mẹ́fà ló ń bá a bó ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnì tàbí bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Malachi ti fi àpò ìdọ̀tí bò ó mọ́lẹ̀ bí ìyàwó eléèhá. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, láràárọ̀ ló ń tọ̀ yí i ká, kí òórùn má baà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ibẹ̀. Eṣinṣin gbilẹ̀. Bí o bá gba ẹ̀gbẹ́ àpò náà kọjá, ẹ̀kọ tí o mu láàárọ̀ á fẹ́ padà sí ọ̀fun.

Rùkáyyàh, ìyá Sódìq, ọ̀kan nínú wọn, ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ọ̀bẹ ti tẹ ìka rẹ̀ wọ́.

"Bàbá Peculiar," ló wí fún Malachi lọ́jọ́ kan, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ẹ́ńjìnì yìí. Èèpo ti sú mi í bó. Ó wù mí kí n mọ nǹkan mìíràn kún un."

Malachi ti ìka bọ imú, ó wo ohun tó rí níbẹ̀, ó fi ra ògiri. "Bí o bá mọ̀ ọ́n tán, ta ni yóò wá bó ẹ̀gẹ́? Èmi àbí ewúrẹ́ mi?"

"Bí ẹ ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Ibo ni mò ń lọ?"

Keturah, òun náà ń bó ẹ̀gẹ́, tó jókòó tì wọ́n rọra sọ pé, "Ajá náà a máa tọ̀ sí ohun tó bá ń ṣọ́." Gbogbo àwọn obìnrin náà fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ̀gẹ́ há sí ọ̀fun ẹ̀rọ. Malachi kò dá ẹ́ńjìnì dúró, ó kàn ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ gbá apá bùbá rẹ̀ mú, ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé.

"Yéè! Ẹ dá a dúró!"

"Báwo la ṣe ń dá a dúró?"

"Irin! Ẹ fa irin!"

Rùkáyyàh fa àpò ya, ó di imú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nínú ìtọ̀. Irin mẹ́rin ló rí. Ó fa ọ̀kan, ẹ́ńjìnì tún sáré sí i. Ó fa òmíràn, kò sí ìyípadà. Malachi ń ké bí ẹran. Abíọ́nà, awakọ̀ tó ń kó iṣu kọjá, bẹ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó ti irin kékeré kan, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀yin mẹ́fà, kò sí ẹni tó mọ èyí nínú yín?" ni Abíọ́nà bi wọ́n. Malachi ni wọ́n ń wò.

Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ìka Malachi mẹ́rin ti bá ẹ̀gẹ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ ti po mọ́ ọn bí epo inú àkàrà. Títí dòní, ẹni tó bá gbọ́ gaàrí Malachi, itọ́ ló ń tu. Ilé ẹ̀rọ náà ti di ibùsùn ewúrẹ́.

Rùkáyyàh gba ìlú Ìdèrè lọ, ó rí ọ̀gá tó kọ́ ọ ní ẹ́ńjìnì. Òun ló ń darí ẹ́ńjìnì níbẹ̀ báyìí, ó sì ti kọ́ Keturah náà. Ibẹ̀ ni Malachi ń gbé ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ lọ, àtàńpàkò nìkan ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún.

"Bàbá Peculiar, ẹ káàbọ̀ o," ni Keturah máa ń wí. "Ẹ wá wo irin ọ̀hún. A ò fi nǹkan kan bò ó." Malachi á wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ẹ gbọ́. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọ̀bẹ tí a fi ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ní ọkàn tó fẹ́ mọ̀, tó fẹ́ dàgbà. Ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ débi pé ó lè dúró níbi tí ẹ dúró sí, nítorí ọjọ́ tí ọwọ́ yín bá há, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò yọ yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá gé ọwọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrú, tirẹ̀ ló ń gé.