Ìdọ̀bálẹ̀ Níwájú Ààfin Nọ́wè

Ìkirè ni mo wà, ṣùgbọ́n Nọ́wè ni mo ti ń kàwé. Ara irin kan, ẹ̀rọ tó rí bí ènìyàn, tí iléèwé yá mi ló ń bá mi rìn kiri ìlú wọn. Ohun tí mo bá ṣe ní yàrá mi ni òun náà ń ṣe lọ́hùn-ún.

Lánàá, tíṣà wa, Ingrid, kó wa lọ wo ààfin ọba wọn. Ó ní ẹni tó bá hùwàkíwà níbẹ̀, òun á gba ara irin tí wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Àfi bí ìyá bàbá mi ṣe já wọ yàrá mi ní Ìkirè.

"Làníyonu, o ò rí mi ni?"

Ta ló bí mi, kí n kí Màmá Àgbà lóòró? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ní Nọ́wè, ara irin náà nà gbalaja síwájú ajá kan tó gbẹ́sẹ̀ sókè, tó ń tọ̀ sára ògiri ààfin.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" Ingrid pariwo.

Mi ò lè dìde. Màmá ti ń kì mí, oríkì ilé wa ò sì kúrú.

"Àṣà wa ni, mà."

Ni inú Ingrid bá dùn. Ó ní kí gbogbo kíláàsì ṣe bíi tèmi. Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ lọ súà. Ajá náà wò wá títí, ó tún gbẹ́sẹ̀ sókè, ó sì súre fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.