Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Àlàáfíà

Kò sí dókítà nínú yàrá náà. Apá ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo itan Ìyá Fadérera.

"Ẹnu ilé ọmọ yín há, Mà," ni ẹ̀rọ náà wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ń ṣí i, kí n lè yẹ inú rẹ̀ wò. Bí ìrora bá pọ̀, ẹ sọ, màá dúró."

Ìrora gún obìnrin náà dé ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kígbe.

"Ara ńkọ́, Mà?"

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dáhùn lórí ibùsùn àìsàn tó pa á ni òun náà ṣe dáhùn, kó tó mọ̀: "A dúpẹ́."

"Ó dáa." Ẹ̀rọ náà mú ọ̀pá tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ara ńkọ́, Mà?"