Ìkòkò Tó Ga Ju Ọ̀kín Lọ

Àlọ́ mi tú yàà bí omi, ó balẹ̀ sínú ọgbà Ọ̀kín, ẹyẹ tó gbà pé kò sẹ́ni tó lẹ́wà tó òun.

Ọ̀kín fẹ́ kí omi máa tú sókè láàárín òdòdó rẹ̀, kí ayé lè wá wò ó. Ó bẹ Àkèré níṣẹ́. Àkèré lu ihò sí ìdí ìkòkò, ó ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ̀ ọ́, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó kọ ẹnu ọ̀pá náà sókè láàárín òdòdó, ó gbé ìkòkò ka orí kùkùté, ó sì pọn omi kún un. Omi tú ṣùà!

"Gbé e sílẹ̀," ni Ọ̀kín wí. "Nínú ọgbà mi, kí ìkòkò ga jù mí lọ kẹ̀?"

"Ọlọ́jà ẹyẹ, bí ìkòkò ò bá ga, omi ò ní fò."

"Mo ní kí o gbé e sílẹ̀!"

Àkèré gbé e sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àlejò ya dé. Ọ̀kín na ìrù, ó dárin:

Omi mi, fò sókè o,
*Fò, omi, fò!*
Ayé wá wòran mi,
*Fò, omi, fò!*

Omi ò mira. Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn àlejò. Kàkà kí Ọ̀kín gbà fún Àkèré, ó gbé ìkòkò rù fúnra rẹ̀. Ṣùà! Omi fò, ariwo ayọ̀ sọ. Ó ní kí òun sọ ìkòkò kalẹ̀ kí wọ́n lè wo ìrù òun, omi dá.

"Gbé e rù padà!" ni gbogbo wọn pariwo.

Ó gbé e rù padà. Omi ni wọ́n ń wò, Àkèré ni wọ́n ń yìn. Ọ̀kín tí kò fẹ́ kí ìkòkò ga ju òun lọ, òun ló di kùkùté rẹ̀.