Ẹni Tó Bá Móradéùn Wá Iṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó tì mí.

Móradéùn nìkan ló kù nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́. Ó fẹ́ fi ètò kejì tó ń darí kọ̀ǹpútà sínú tirẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Kàkà kó ní kí tuntun bá àtijọ́ gbé, ó tẹ ibi tí yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ, ọ̀la ló sì yẹ kó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ó bú sẹ́kún.

Arúgbó kan kọrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn: “Kí ló sọnù o? Màá bá ọ wá a.”

A kì í dáhùn ìpè òru láìrójú ẹni tó ń pè. Móradéùn mọ̀, síbẹ̀ ó dáhùn:

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ wọlé.”

Ilẹ̀kùn ò mì. Bọ́tìnì kọ̀ǹpútà ló ń tẹ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ padà sójú kọ̀ǹpútà títí dé òpin, ìlà kan tí kì í ṣe tirẹ̀ sì tẹ̀lé òpin náà: “Mo ti wọlé, ọmọ mi.”