Ohun Tó Bá Ọtí Pupa Mu

Alásè ń da ọtí náà sínú ife lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ṣọ́jà dá a dúró.

"Ìwọ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ń ṣe fún ẹmu níhìn-ín?"

Ó tọ́ ọ wò. Ọtí pupa láti gúúsù ilẹ̀ Faransé ni. Ó fún ahọ́n pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ó sì ta díẹ̀ bí iyèré.

"Kò kúkú pa ọ́." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Kí la ó fi jẹ?"

"Ẹran ọlọ́ràá, sà. Ọ̀rá ni yóò pa kíkorò rẹ̀. Ẹja ò bá a mu."

Àgbò kan ṣoṣo tó ní ló ti sun. Ọkọ rẹ̀ wà látìmọ́lé ní Ore, nítorí àpò iyọ̀ kan tí àwọn ṣọ́jà ní ó fi pamọ́ nígbà tí iyọ̀ wọ́n. Bí oúnjẹ bá dùn, bóyá wọn yóò tú u sílẹ̀.

Ọ̀gá jẹ, ó mu, ó lá ìka.

"Ẹ tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Alásè kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á..."

"Dìde, lọ di ẹrù rẹ. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ mi lọ sí Kàdúná. Ta ni yóò máa se irú èyí fún mi níbẹ̀?"

Ọkọ rẹ̀ padà sílé wọn ní Omifunfun. Òun nìkan ló kù nínú ilé.