Ẹ Jẹ́ Kí Sárésáré Wa Dìde

"Láti òní lọ, ìpínlẹ̀ Arkansas wa ò ní gba owó orí mọ́ lórí owó tí ọmọ wa ń rí nídìí ìpolówó bàtà," ni aṣòfin Tackett wí, ó nàka sí sárésáré yunifásítì tó jókòó ti ìyá rẹ̀ láàárín àwọn àlejò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

"Àwọn nọ́ọ̀sì náà ń sáré káàkiri, wọ́n sì ń san tiwọn," aṣòfin àgbà kan kùn.

Wọ́n dìbò. Òfin wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó dìde, ká rí i," ni Tackett wí.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà ò mira.

"Ṣé kí n sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ oníbàtà ti já ẹ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí?" ìyá rẹ̀ sọ sí i létí.

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí n dìde."

Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì jáde lábẹ́ àga. Kí ọmọ rẹ̀ tó nàró tán, àtẹ́wọ́ ti dákẹ́.